Nínú ìpara urea, ti lactic acid àti ti salicylic acid, èwo ló mú awọ apá mi jọ̀lọ̀?

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni kókó wẹ́wẹ́ ti kún ẹ̀yìn apá mi méjèèjì, tí ó rí gan-an bí awọ adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ní i, àbúrò mi obìnrin náà sì ní i, nítorí ó máa ń rìn nínú ìdílé. Keratosis pilaris ni àwọn dókítà awọ ń pè é. Keratin, èròjà líle tí ó wà nínú èékánná àti irun wa, ni ó máa ń dí ẹnu ihò irun pa, tí ó sì ń di kókó. Kì í ranni, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Kò sí oògùn tí ń wò ó sàn tán pátápátá, nítorí náà, ohun tí mo ń wá ni ìpara tí yóò mú kí awọ jọ̀lọ̀ níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń lò ó.

Salicylic acid 2% ni mo kọ́kọ́ rà. Kókó náà rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbẹ mí lára tó bẹ́ẹ̀ tí apá mi fi ń hàn funfun nígbà ọyẹ́, mo sì pa á tì.

Lactic acid 12% lágbára jù ú lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àtẹ́lẹwọ́ mi ti mọ ìyàtọ̀. Àmọ́ ibikíbi tí mo bá ti họ ara ni ó ti ń ta mí bí ata, ó sì lè mú kí oòrùn tètè pa awọ lára, èyí tí ó sọ aṣọ alápá gígùn di dandan fún mi lọ́sàn-án.

Urea 10% ni mo dúró sí. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe pọ̀: ó ń fa omi mọ́ awọ, ó sì ń mú kí keratin tí ó ti dì rọ̀. Kété tí mo bá wẹ̀ tán, tí apá mi ṣì tutù, ni mo máa ń fi í para, tí màá sì fi òrí díẹ̀ lé e kí omi náà má baà gbẹ. Òrí nìkan kò lè tú kókó, mo ti gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn oṣù kan, mo di ojú, mo fi ìka wọ́ apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé èjìká: kókó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò mú mọ́.

Àwọn àmì dúdú ni kò tíì lọ, èyí sì dùn mí, nítorí kànìnkànìn tí mo fi ń ha ara kíkankíkan nígbà èwe ló dá ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe torí àmì yìí ra ìpara tí ń bó ara. Wọ́n tà á fún mi rí ní ìsọ̀ kan. Nígbà tí mo ka ara páálí rẹ̀, clobetasol wà nínú rẹ̀, oògùn tí ń mú awọ fẹ́lẹ́ bí a bá ń lò ó láìsí àṣẹ dókítà.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, urea mi tán, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró kí n tó ra òmíràn. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, apá mi ti ń fa òwú aṣọ.