Ọmọ-ogun òjé tàbí ti ike: èwo ni ká kó jọ?

Ẹni tó ń kó ọmọ-ogun ìṣeré Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861 sí 1865), èyí tí Àríwá àti Gúúsù ilẹ̀ náà bá ara wọn jà, jọ kò ní ṣàì bèèrè èyí. Méjèèjì sábà máa ń ga tó mìlímítà 54, nítorí náà wọ́n lè jọ dúró nínú fọ́tò kan.

Ike ló rọjú. Àmọ́ ike rírọ̀ kì í fẹ́ gba ọ̀dà: ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún kí búlúù aṣọ ogun Àríwá tàbí àwọ̀ eérú ti Gúúsù tó tẹ̀lé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu ìbọn tó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ni ọ̀dà yóò ti kọ́kọ́ ṣí.

Òjé di ọ̀dà mú dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí igi óòkù (oak) rárá. Òórùn kíkan igi náà ń jẹ òjé títí yóò fi yọ lẹ́búlẹ́bú funfun. Àpótí irin àti gíláàsì ló dára. Májèlé sì ni òjé. Ẹ fọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án.

Nínú fọ́tò, òjé àtijọ́ tó ń dán máa ń dá iná padà. Ẹ pa fíláàṣì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ síbẹ̀. Ike tí ọ̀dà rẹ̀ kò dán kò nílò gbogbo ìyẹn. Ti òjé o, ti ike o, ẹ sọ kámẹ́rà kalẹ̀ dé ìpele ojú ọmọ-ogun náà.

Bí ẹ bá fẹ́ to ojú ogun Gettysburg, ìjà ńlá kan nínú Ogun Abẹ́lé náà, kún tábìlì, tàbí tí ọmọdé wà nílé, ike ni. Bó bá jẹ́ díẹ̀, tí ẹ fẹ́ ya ojú kọ̀ọ̀kan ní ìtòsí, òjé ni.