Àwòrán Méjì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ara Wọn: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Níbi Ìpàtẹ Àwọn Ayàwòrán?

Ẹ wọ gbọ̀ngàn ìpàtẹ, àwòrán bí ogójì wà lára ògiri, ayàwòrán bíi mẹ́wàá ló kó iṣẹ́ wọn jọ síbẹ̀. Méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ìwọ̀n kan náà, odò ni wọ́n yà sójú méjèèjì, owó wọn kò sì jìnnà síra. Èwo ni kí ẹ mú? "Èyí tó bá wù yín" ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa dá yín lóhùn. Mi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí kò wuni kò yẹ kó gba ògiri ẹni. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá wù yín ńkọ́? Ohun tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ tó bá fi máa di ọdún mẹ́wàá òní wà nínú ọ̀dà tí wọ́n lò, nínú ohun tí wọ́n kùn ún lé, àti lára ògiri tó ń dúró dè é nílé yín. Ojú, imú àti iná fóònù yín tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀dà òróró àti akírílíìkì

Àwọn méjì yìí lẹ máa bá jù lórí kánfáàsì, àwọn náà ló sì jọra jù lójú ẹni tí kò tíì ra àwòrán rí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń gbẹ. Omi ló wà nínú akírílíìkì; tí omi bá ti fẹ́ lọ, ọ̀dà gbẹ nìyẹn. Ibi tó bá fẹ́lẹ́ lè gbẹ kí ẹ tó mu ife tíì kan tán. Ọ̀dà òróró kò ní omi nínú. Òróró línsíìdì tàbí irú rẹ̀ ni wọ́n fi po àwọ̀, òróró yìí á sì máa fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le. Ojú rẹ̀ lè gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ níbi tí ọ̀dà bá ti nípọn, inú rẹ̀ lè máa rọ̀ fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ìdí nìyẹn tí ayàwòrán tó mọṣẹ́ kì í fi í kánjú fi fáníìṣì bò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó fẹ́ rà gan-an, nítorí ìpàtẹ ní ọjọ́ tí wọ́n dá, àwọn ayàwòrán kan sì wà tó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n máa ń gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ sún mọ́ àwòrán náà kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí òórùn òróró àti tọ́pẹ́ńtáìnì bá ṣì ń ta sí yín nímú, kò tíì dàgbà. Ẹ ṣì lè rà á. Ẹ kàn béèrè oṣù tó parí rẹ̀, kí ẹ sì bi ayàwòrán náà bóyá yóò bá yín fi fáníìṣì sí i tó bá tó àkókò. Púpọ̀ nínú wọn ló máa fi tayọ̀tayọ̀ gbà, torí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n tún fojú kan iṣẹ́ wọn.

Ní ti akírílíìkì, ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀dà náà kì í le tán bí òróró. Tí ooru bá mú un, ó máa ń rọ̀, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ojú mi ni ó ti ṣẹlẹ̀. Mo ra ọ̀kan, mo fi nọ́ílọ̀n oníròrò yẹn wé e dáadáa, mo rora tẹ́ ẹ sí búùtù ọkọ̀, mo sì bá tèmi lọ nínú oòrùn fún bí wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí mo tú u sílẹ̀, òbìrìkìtì kéékèèké ti tò sójú ọ̀run inú àwòrán náà láti etí dé etí, bí ojú afárá oyin. Mo gbé e padà lọ bá ẹni tó yà á. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fi tiyín kún un." Ó ṣì wà nílé mi báyìí, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo gbé e kọ́ sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti bá a láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n kọ́kọ́ fi bébà tó ń dán, irú èyí tí kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan, bo ojú rẹ̀, kí n tó wá fi nọ́ílọ̀n wé e, kí ìròrò rẹ̀ sì kọjú síta.

Òróró náà ní àléébù tirẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sínú òkùnkùn fún ìgbà pípẹ́, yóò máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, pàápàá níbi tí funfun wà. Tó bá sì ti pẹ́ gan-an, ó lè máa sán. Akírílíìkì kì í pọ́n bẹ́ẹ̀, kì í sì í tètè sán. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé láàárín ọdún 1950 sí 1959 ni akírílíìkì olómi tó dé ọwọ́ àwọn ayàwòrán, nígbà tí àwòrán òróró tó ti lé ní 500 ọdún ṣì wà lára ògiri títí dòní. Ọ̀kan ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Èkejì ṣì ń kó tirẹ̀ jọ.

Bí ilé yín bá gbóná, tí oòrùn ń ràn wọlé, òróró ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó bá dé ilé yín, akírílíìkì. Èmi fúnra mi, bí méjèèjì bá dọ́gba, òróró ni ọwọ́ mi máa ń lọ sí, nítorí òjìji inú rẹ̀ jinlẹ̀, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo inú kànga.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn olùrà kì í bi ayàwòrán: ǹjẹ́ ó pa méjèèjì pọ̀ sórí kánfáàsì kan? Tí akírílíìkì bá wà nísàlẹ̀ tí òróró wà lókè, kò séwu. Bó bá jẹ́ pé òróró ló wà nísàlẹ̀ tí wọ́n wá kun akírílíìkì lé e, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, á máa bó ni bí èépá.

Ọ̀dà omi lórí ìwé

Àwòrán ọ̀dà omi ló sábà máa ń rọjú jù níbi ìpàtẹ, àwọn tó ń ra àkọ́rà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi owó férémù àti gíláàsì kún un kí ẹ tó sọ pé ó rọjú, torí kò sí bí ẹ ṣe lè gbé ìwé kọ́ ní ìhòòhò. Ẹ wo inú férémù láti ẹ̀gbẹ́: àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín gíláàsì àti ìwé. Páálí tí wọ́n gé yí àwòrán ká, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹwà nìkan kọ́. Bí ìwé bá fara kan gíláàsì, ọ̀rinrin á dúró síbẹ̀, èbù á wọ̀ ọ́, àwọn àmì pupa rẹ́súrẹ́sú á sì máa yọ bíi ti àdá tó dógùn-ún.

Ẹ béèrè irú ìwé tó lò. Ìwé tí wọ́n fi òwú ṣe, tí kò ní ásíìdì, yàtọ̀ pátápátá sí ìwé tí wọ́n fi igi ṣe, èyí tó máa ń pọ́n bíi ìwé ìròyìn àná. Ìmọ́lẹ̀ náà ń bá ìwé jà ju kánfáàsì lọ. Ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà, nǹkan bíi lux 50 (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) ni wọ́n máa ń gbà láàyè fún iṣẹ́ orí ìwé, nígbà tí wọ́n ń gba lux 200 fún àwòrán òróró. Tí ògiri yín bá kọjú sí fèrèsé, ẹ fi ọ̀dà omi sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Àwọ̀ tí yóò dúró àti èyí tí yóò ṣá

Má rò pé kánfáàsì nìkan gbani. Yàrá ibùsùn tí gbajúmọ̀ ayàwòrán Vincent van Gogh yà ní 1888, ògiri rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí búlúù lónìí, elésè àlùkò ló jẹ́ nígbà tó yà á. Pupa inú rẹ̀ ló ṣá lọ. Mark Rothko, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ya àwọn àwòrán ńlá fún yàrá ìjẹun kan ní Yunifásítì Harvard. Wọ́n gbé wọn kọ́ ní 1964. Nígbà tó fi máa di 1979, oòrùn ojú fèrèsé ti fọ pupa inú wọn dànù débi pé wọ́n ní láti kó wọn kúrò níbẹ̀. Bí irú wọn bá lè ṣèèṣì yan pupa tí kò dúró, ẹ má bẹ̀rù láti bi ayàwòrán àdúgbò yín pé, "Ẹ dákun, pupa wo lẹ lò síbí?"

Pupa, osùn àti elésè àlùkò ni kí ẹ fura sí jù, àti àwọn àwọ̀ tó ń tàn yòò bí aṣọ òṣìṣẹ́ ojú pópó. Àmì wà lára páànù ọ̀dà àwọn ayàwòrán: I àti II nínú òdiwọ̀n ASTM (àjọ òdiwọ̀n kan ní Amẹ́ríkà) túmọ̀ sí pé ó máa dúró nínú ìmọ́lẹ̀; láti III lọ sókè, ẹ ronú. Ayàwòrán tó mọ ohun tó ń ṣe máa dá yín lóhùn láì rojú.

Ojúlówó, ẹ̀dà ọwọ́, ẹ̀dà ẹ̀rọ

Ibí ni owó olùrà ti máa ń ṣòfò. Ẹ̀dà oríṣi méjì ló wà, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́. Nínú ọ̀kan, ayàwòrán gbẹ́ pákó tàbí línò, ó fi tàdáwà pa á, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojúlówó ni gbogbo wọn. 12/50 tí ẹ rí nísàlẹ̀ rẹ̀ túmọ̀ sí ìkejìlá nínú àádọ́ta. A/P túmọ̀ sí pé ẹ̀dà tí ayàwòrán yọ sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ ni. Nínú èkejì, wọ́n ya fọ́tò àwòrán òróró, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́. Orúkọ aláràbarà kan wà tí wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀, giclée. Ọdún 1991 ni wọ́n dá orúkọ yẹn sílẹ̀, ohun tó sì ń tọ́ka sí kò ju ẹ̀rọ tó ń fín tàdáwà lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀ bí owó rẹ̀ bá bá a mu. Bí ẹ bá sì ní owó ẹ̀dà ẹ̀rọ ńlá kan lọ́wọ́, mo rò pé ẹ̀dà ọwọ́ kékeré kan sàn jù ú lọ.

Àrékérekè kan wà: wọ́n á tẹ ẹ̀dà ẹ̀rọ sórí kánfáàsì, wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì fa jẹ́lì tí kò ní àwọ̀ kọjá lórí rẹ̀ kó lè jọ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ tan iná fóònù yín, ẹ mú un lélẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rá kọjá lójú àwòrán. Nínú ojúlówó, òkè kéékèèké tí búrọ́ọ̀ṣì fà máa bá àwọ̀ rìn. Níbi tí ewé parí sí, ibẹ̀ ni ilà ọ̀dà náà ti yípadà. Nínú èyí tí wọ́n fi jẹ́lì bò, ilà náà á kàn gba àárín ewé, ọ̀run àti omi kọjá bí ẹni tí kò mọ̀nà. Tí ẹ bá sì fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ọn gan-an, ẹ máa rí tóótòòtó àwọ̀.

Ẹ̀yìn àwòrán

Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí i padà. Orúkọ, ọdún àti àkọlé yẹ kó wà níbẹ̀. Kánfáàsì gbọ́dọ̀ le bí awọ ìlù. Bó bá dẹ̀, ẹ wò ó bóyá èèkàn igi kéékèèké wà ní igun férémù inú tí wọ́n lè fi fà á le. Férémù ìta? Bí ayàwòrán bá ti kun ẹ̀gbẹ́ kánfáàsì yí ká, ẹ lè gbé e kọ́ láì ní férémù, ẹ sì fi owó yẹn pa mọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ ìkẹyìn

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni àṣàyàn pọ̀. Ọjọ́ ìkẹyìn ni ẹnu ayàwòrán máa ń rọ̀, torí ẹrù àgbépadà kò wu ẹnikẹ́ni. Ẹ má retí kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ó sábà máa ń wà lára ògiri títí ìpàtẹ yóò fi parí. Àmì pupa róbótó ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn láti fi hàn pé ó ti lọ.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn àmì pupa yẹn yan àwòrán fún yín. Ní 1874, ayàwòrán bí ọgbọ̀n kó ara wọn jọ ní Paris, wọ́n pàtẹ fúnra wọn níbi tí ayàfọ́tò Nadar ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi àwòrán ìyọrí oòrùn tí Claude Monet, ọ̀kan nínú wọn, pè ní Impression ṣe yẹ̀yẹ́, láti inú yẹ̀yẹ́ yẹn sì ni orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ náà, Impressionist, ti jáde.

Ní ti ìdúnàádúrà, àwòrán kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ ní àyè, torí nínú owó yẹn ni olùṣètò ìpàtẹ ti ń gba ìpín tirẹ̀. Méjì láti ọwọ́ ẹnì kan náà ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rọrùn. Ẹ tún lè béèrè pé kí ẹ san án díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń gbà á.

Tí ẹ bá sanwó, ẹ gba rìsíìtì tó kọ orúkọ ayàwòrán, àkọlé, ọdún, ìwọ̀n àti ohun tí wọ́n fi yà á. Àwòrán náà ti di tiyín, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, ife tàbí káàdì ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó yà á, àfi tí ẹ bá jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti gbé e fún yín.