Àgbéyẹ̀wò: Ètò ìjọba tó ní ká yé sun oko, lójú àgbẹ̀ tó ń yálẹ̀ dáko l'Ákínyẹlé

Ọ̀nà Móníyà ni oko mi wà. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn, orí ilẹ̀ onílẹ̀ sì ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìjọba yìí dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Wọn ò kó wa sí gbọ̀ngàn pín fìlà fún wa. Oko gan-an la lọ. Wọ́n ní ká má dáná sun pòròpórò àgbàdo mọ́, ká fi bo ilẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, òṣìṣẹ́ wọn fi àdá ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́: ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó tutù, ekòló ń rìn níbẹ̀. Ibi tí aládùúgbò mi sun le gbagidi. Wọ́n tún fún wa ní mùkúnà, ìbátan wèrèpè tí kì í yúnni. Ó fà bo koríko ẹ̀kan mọ́lẹ̀, owó oògùn koríko sì dín kù. Ẹni tó bá ti fi ọkọ́ bá ẹ̀kan jà rí á mọ ohun tí mò ń wí.

Ìgbẹ́ adìẹ tí wọ́n ní àwọn á san ìdajì owó rẹ̀ ńkọ́? Àgbàdo ti yọmọ kó tó dé. Tútù ló tún wá, bẹ́ẹ̀ tútù rẹ̀ máa ń jó ewéko.

Igi agúnmáníyè ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní ká gbìn ín láàárín ebè, ká máa gé ewé rẹ̀ sílẹ̀ fi ṣe ajílẹ̀. Ó sì ń fa náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ irúgbìn, láti inú afẹ́fẹ́ wọ ilẹ̀. Òótọ́ ni, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti wà n'Íbàdàn níbí láti 1967, ti ṣiṣẹ́ gidi lórí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kì í gbin igi. Bàbá onílẹ̀ mi ní, "Àgbàdo ni mo ní kí o gbìn. Tí o bá gbin igi, ọ̀la àwọn ọmọ rẹ á ní àwọn ló nilẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ìjọba ló ní ká gbìn ín."

"Ṣé ìjọba ló fún ẹ nílẹ̀?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Fọ́ọ̀mù wọn ò tilẹ̀ ní àyè kankan tí onílẹ̀ lè buwọ́ lù. Bẹ́ẹ̀ ayálẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwa tí a jọ forúkọ sílẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ìdílé yín ni, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lónìí. Tí ẹ bá ń yálẹ̀, ẹ gba mùkúnà, ẹ fi igi sílẹ̀, àfi tí onílẹ̀ bá bá yín dé ọ́fíìsì wọn.