Ẹran tó kú àbí koríko tó gbẹ: owó ìrànwọ́ méjì fún ọlọ́sìn Texas

Nígbà tí iná Smokehouse Creek sọ ní àríwá Texas lóṣù kejì ọdún 2024, ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan éékà ló jó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù sì bá a lọ. Ètò méjì ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní fún irú ọlọ́sìn bẹ́ẹ̀: LIP (Livestock Indemnity Program), tó wà fún ẹran tó kú, àti LFP (Livestock Forage Disaster Program), tó wà fún koríko ìjẹko tó ṣòfò.

LIP ń sanwó ẹran tó kú, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń lọ lọ́jà. Wọ́n á yọ iye tó sábà máa ń kú lọ́dún kúrò ná. Wàhálà ibẹ̀ ni ẹ̀rí: fọ́tò òkú ẹran, rísíìtì, ìwé dókítà ẹran. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ ṣì ń rú èéfín, tó ń wá ibi tó máa sin òkú màlúù sí, ṣé ìyẹn á rántí ya fọ́tò? Àfi kó yà á o.

LFP kì í béèrè òkú. Bí máàpù ọ̀dá tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bá ti fi hàn pé ọ̀dá mú káúńtì náà dé ìwọ̀n tí òfin sọ, ọlọ́sìn ibẹ̀ lè béèrè owó. Ó rọrùn, àmọ́ kò kọjá $125,000 lọ́dún fún ẹnì kan. LIP kò ní irú gbèdéke yẹn.

Ti koríko tí iná jó ló ń bí mi nínú. LFP kì í san án àfi lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ aládàáni ló pọ̀ jù ní Texas. Lẹ́yìn iná, LIP ni kí ọlọ́sìn kọ́kọ́ sáré bá.