PowerTOP lórí sáfà tí mo tò fúnra mi l'Ákúrẹ́: má wo auto-tune, Idle stats ni kó o wò

Ọ̀fẹ́ ni PowerTOP o, ìyẹn ètò tó ń fi ohun tó ń jẹ iná nínú kọ̀ǹpútà hàn, kẹ́nikẹ́ni má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀. Intel ló gbé e jáde ní 2007, orí Linux ló ti ń ṣiṣẹ́, tó bá jẹ́ Debian tàbí Ubuntu lẹ ń lò, ẹ tẹ sudo apt install powertop, ó ti wọlé nìyẹn.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Òkè Àró ńbí. Ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, gbogbo fọ́tò ẹ̀ wà lórí sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà ìtọ́jú fáìlì, tí mo tò sí yàrá ẹ̀yìn: chip Intel i5 ìran kẹjọ, tòkunbọ̀, hard disk ńláńlá mẹ́rin, àti káàdì SATA kan tí mo ń so disk mọ́ torí ojú ihò ara motherboard ò tó. Lóru kò ṣe nǹkankan, ó kàn wà níbẹ̀ ni, síbẹ̀ mítà kékeré tí mo fi sáàárín òun àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ń ka 62 watt. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: aago méje alẹ́ sí méje àárọ̀, 744 watt-hour. Bátìrì olómi 12V 200Ah tó ń gbé iná wa lóru, tó bá kún dẹ́nu 2,400 ni, ẹni tó bá sì fẹ́ kó pẹ́ kì í lò ó kọjá ìdajì. Á jẹ́ pé sáfà tó jókòó lásán ń jẹ ju ìdajì ohun tí mo lè lò lóru lọ, a ò tíì tan fáànù, ìyàwó mi ò tíì ní òun fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n.

Tẹ́ ẹ bá ṣí PowerTOP, ibi tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ ni Tunables, ó máa kọ Bad tàbí Good síwájú nǹkan kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Enter lórí Bad, á di Good. Tàbí kẹ́ ẹ fi --auto-tune yí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣe é, 62 di 58. Kò burú, àmọ́ ṣé torí watt mẹ́rin ni wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀ tó báyẹn?

Idle stats, ojú ewé tó ń sọ bí chip ṣe ń sùn tó, gan-an ni mo fi fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ wo apá òsì, níbi tí wọ́n kọ Package, ìyẹn odidi chip, sí: pc2, pc3, pc6, pc8, bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń ga ni oorun ẹ̀ ṣe ń jinlẹ̀. Tèmi, pc2 ló wà ní 95%, pc6 òdo, pc8 òdo. Àwọn core, ìyẹn ọpọlọ kéékèèké inú chip, ti wà ní C7 ní tiwọn, wọ́n ti sùn fọnfọn, ṣùgbọ́n odidi chip ò lè sùn torí ẹnìkan ṣì dúró tó ń kanlẹ̀kùn. Ohunkóhun tó bá wà lórí PCIe, ọ̀nà tó so káàdì mọ́ chip, tí ò gbà kí ìlà ẹ̀ sinmi, ìyẹn ohun tí wọ́n ń pè ní ASPM, kò ní jẹ́ kí chip lọ jìnnà.

Mo wọ BIOS, ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, mo tan ASPM, pàbó. Mo wá tẹ sudo lspci -vv, tó ń to gbogbo ohun tó wà lórí PCIe sílẹ̀, mo ń wo ìlà LnkCtl ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn yòókù kọ ASPM L1 Enabled, káàdì SATA yẹn nìkan ló kọ Disabled. Mo yọ ọ́, mo fi disk méjì péré tan án wò, pc8 fò dé 80%. Káàdì tí ò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́! Ẹni tó tà á fún mi ní Alágbàká ò mọ̀, páálí ẹ̀ náà ò sọ ọ́. Èyí tó ní chip ASM1166 ni mo fi rọ́pò ẹ̀, òun gba ASPM, ihò mẹ́fà ló sì ní. Gbogbo disk padà sẹ́nu iṣẹ́, mítà ń ka 42.

Èyí tó kù kì í ṣe iṣẹ́ PowerTOP, hdparm -S 241 ni, ìyẹn ni pé kí disk sùn tẹ́nikẹ́ni ò bá pè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Disk 3.5 tó ń yí lásán máa ń jẹ tó watt 4 tàbí 5, tó bá sùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 1 lọ. Mẹ́ta nínú tèmi ló ń sùn, ó wá di 29. Tẹ́ ẹ bá wà ní Band A, tí yúnìtì kan ti kọjá 200 naira láti 2024, ìyàtọ̀ 62 sí 29 tọ̀sán-tòru tó yúnìtì 24 lóṣù, ẹ fi owó sọ ọ́ fúnra yín.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ohun tó gbà á ní ọ̀kan ni pé gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá yí ló máa ń pòórá tẹ́ ẹ bá ti pa kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tún tan án, àfi tẹ́ ẹ bá kọ systemd service fún un, ìyẹn ohun tó ń tún un ṣe fúnra ẹ̀ nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá tan. Auto-tune tún máa ń mú kí màùsì USB sùn, ẹ máa tì í tì í kó tó jí, tí wáyà UPS yín bá sì jẹ́ USB, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀ jàre. Ìkejì, kọ̀ǹpútà oníbátìrì nìkan ló máa ń ka watt fún, ti sáfà ẹ ò ní rí nǹkankan, torí náà ẹ ra mítà.

Power supply tèmi ṣì jẹ́ 650 watt, 29 watt ò tó 5% ẹ̀, bẹ́ẹ̀ 20%, 50 àti 100 ni wọ́n ti ń dán 80 Plus tó wọ́pọ̀, ìyẹn àmì power supply tí ò fi iná ṣòfò púpọ̀, wò, iná tó ń ṣòfò níbẹ̀ ò kéré, PowerTOP ò sì lè ṣe nǹkankan sí i. Mò ń wá kékeré tó dáa l'Ákúrẹ́, tòkunbọ̀ ni wọ́n ń nà sí mi ṣáá. Káàdì tòkunbọ̀ mo lè gbà, power supply tòkunbọ̀ lábẹ́ fọ́tò oníbàárà? Rárá o.