Clamp meter tí mo rà fún lóndírì mi: ó gbè mí lẹ́yìn, ó tún já mi kulẹ̀

"Iná ò tó ni, mádàámù." Gbólóhùn yẹn ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tó ta áyọ́ọ̀nù fún mi fi lé mi jáde nígbà àkọ́kọ́. Páálí áyọ́ọ̀nù ọ̀hún ní wáàtì 1800 ló ń jẹ, owó áyọ́ọ̀nù ńlá ni mo sì san, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e lé agbádá gínì tí a ti fi sítáàṣì sí, ń ṣe ló ń bẹ aṣọ.

Clamp meter yìí, mítà tí mo ti rà nítorí owó iná, ni mo gbé lé e. Ohun tó bá ń jẹ wáàtì 1000 fún wákàtí kan ti jẹ yúnìtì kan, àwa tá a wà ní Band A, ìpele àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, sì mọ ohun tí ojú wa rí nígbà tí wọ́n gbé yúnìtì kan sí náírà 225 lóṣù kẹrin ọdún 2024. Mi ò ní ka gbogbo ohun tó wà lára mítà náà fún yín, ẹ ti rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ iná: èyí tó ń la ẹnu bí alákàn yẹn, tó ń fi há wáyà kó lè wọn iná tó ń gba inú rẹ̀.

Mo yí áyọ́ọ̀nù dé ibi tó gbóná jù, mo dúró kí iná pupa rẹ̀ tàn, mo wọ̀n ọ́n. Fóltéèjì, ìyẹn agbára tó ń ti iná, 218. Áńpìà, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, 4.6. Ẹ fi ọ̀kan lọ́po èkejì: wáàtì 1003 péré! Ẹ wá pín 218 sí ọ̀nà 4.6, ẹ máa rí 47.4. Ọ́ọ̀mù nìyẹn, ìyẹn bí wáyà tó ń gbóná nínú rẹ̀ ṣe ń dènà iná tó. Nọ́ńbà yìí gan-an ni mo mú dání lọ, torí mo mọ ohun tí bàbá yẹn máa sọ.

Ó sì sọ ọ́: iná ò tó. Irọ́ kọ́ pátápátá. Tí fóltéèjì bá wálẹ̀ dé ìdajì, wáàtì áyọ́ọ̀nù á ṣẹ́ ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ọ́ọ̀mù kì í tẹ̀lé NẸ́PÀ. Mo ní kí wọ́n yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, mo fi wáyà mítà méjèèjì kan ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀: 47. Ó gbóná o, ó tutù o, ojú kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Áyọ́ọ̀nù tó bá máa jẹ wáàtì 1800 lórí fóltéèjì 230, ọ́ọ̀mù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 29 lọ.

Ọ̀gá ní mítà mi ló ń ṣe wèrè. Mo ní kó gbé tirẹ̀ jáde. Tirẹ̀ wà nílé. Ọmọbìnrin tó ń bá a tajà ti yọ fóònù ní tirẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń sọ ọ́ sẹ́nu: fóltéèjì 230 lọ́nà 230, ká pín in sí ọ́ọ̀mù 47. Ó gbójú sókè. "Ọ̀gá, wáàtì 1125 ni o." Ẹ wo ojú tí ọ̀gá fi wò ó! Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n lé ọmọ yẹn nítorí tèmi. Ìyá kan tó wá ra kẹ́tù ní kí n jọ̀ọ́ bá òun wọn tòun kóun tó sanwó, ibẹ̀ ni ọ̀gá ti rántí pé owó mi wà lọ́wọ́ òun. Ó dá a padà, ó yọ owó páálí tí mo ti ya kúrò. Páálí tó purọ́ fún mi!

Tí mo bá dákẹ́ síbí, ẹ máa rò pé wọ́n sanwó fún mi kí n lè yin mítà yìí ni.

Ọmọkùnrin tó ta mítà yìí fún mi búra pé ó ń wọn sólà. "Gbogbo ẹ̀ ló ń wọ̀n, Mọ̀mí." Mo fi ẹnu rẹ̀ há wáyà tó ń ti orí pánẹ́ẹ̀lì bọ̀: 0.0. Mo pè é, ó ní kí n jẹ́ kí oòrùn mú. Ọ̀sán gangan! Iná NẸ́PÀ máa ń lọ síwá sẹ́yìn, lílọ-bíbọ̀ yẹn ni mítà yìí ń gbọ́. Iná sólà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mítà tó ń wọn DC, ìyẹn iná tó ń lọ sọ́nà kan ṣoṣo bíi ti sólà, sì yàtọ̀, ó tún wọ́n jù ú lọ. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà, kò bẹ̀ mí. Ó ní kí n fowó kún un kí n gba ti DC, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ohun kékeré kò hàn sí i, ṣájà fóònù ń kọ 0.0. Tí ẹ bá ká wáyà kan mọ́ ẹnu rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá, tí ẹ pín ohun tó kọ sí mẹ́wàá, ẹ lè rí nǹkan díẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo ni kó sì wọ ẹnu rẹ̀. Tí ìlọ àti àbọ̀ bá wọ̀ ọ́ pọ̀, òdo ló máa kọ. Fún fìríìjì, ẹ má gbọ́kàn lé fífi fóltéèjì lọ́po áńpìà, torí ohun tó bá ní mọ́tò kì í jẹ gbogbo wáàtì tó bá yọ níbẹ̀. Bátìrì tó bá a wá ti kú. Kò ní iná lójú.

Máàkì: 5 nínú 5. Ọmọkùnrin tó tà á: òdo. Ẹni tó bá fẹ́ yá a lọ́wọ́ mi, kó mú bátìrì 9V dání.