Kóró márúlà ogún ní ₦7,500: ẹ yọ ìdérí rẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín

Ọmọbìnrin kan tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní ilé ìtajà irúgbìn yìí ló mú mi jókòó kọ èyí. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ohun tí mo ti fẹ́ kọ nípa wọn tẹ́lẹ̀ kò ṣeé kà létí ọmọdé.

Oṣù Ṣẹẹrẹ ni mo ra kóró márúlà ogún lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi rán awakọ̀ láti Àbújá, mo lọ gbà á ní gáréjì Kàbà níbí. Inú ọ̀rá ni wọ́n dì í sí, àwòrán agbọ̀n tó kún fún èso wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tó sọ bí a ṣe ń gbìn ín. Ìbátan kajú àti máńgòrò ni igi yìí, ọ̀dá kì í tètè pa á, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ẹ. Àwọn Haúsá ń pè é ní dáńyà, ó ń hù fúnra rẹ̀ lókè Ọya.

Ìyá mi gbé ọ̀kan, ó wò ó. "Kóró ìyeyè lo lọ fowó rà yìí?" Mo ní rárá o, ẹbí kan náà ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Mo gbin méjìlá sínú ọ̀rá dúdú, mo ń bomi rin wọ́n láràárọ̀ nínú ọyẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje kọjá, kò sí ohun tó yọjú. Nígbà tí mo wú wọn, kóró náà le gbagidi bí ọjọ́ tó dé. Inú bí mi. Ìyeyè tó ń já bọ́ sétí odò fún ewúrẹ́, èmi fi ₦7,500 rà á!

Mo pè wọ́n. Ọkùnrin kan ló gbé e. Kò kí mi, kò béèrè ìgbà tí mo gbìn ín tàbí ohun tí mo ṣe sí i. Ó ní àwọn kì í dá owó irúgbìn padà, pé èmi ni mi ò bomi rin ín dáadáa, ó sì pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Mo tún pè lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Ọmọ tí mo lè bí. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi kó mẹ́rin sórí ọlọ, ó fi ọmọ ọlọ fọ́ wọn. Inú rẹ̀ funfun, ó kún, òróró ń dán lára rẹ̀. Ìyá ju díẹ̀ sẹ́nu. "Ó ń ta sánsán bí ẹ̀pà. Èyí kì í ṣe ìyeyè, kò sì tíì kú."

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà wọn ló pè mí, ọmọbìnrin tí mo wí lókè yẹn ni. "Ẹ káàárọ̀ mà, mo rí i pé ẹ pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lánàá." Bí mo ṣe dárúkọ Kàbà báyìí, ó kí mi bí a ṣe ń kíra wa níbí, ó ní "Òkun o!" Ọmọ Ìyàgbà ni. Ó jẹ́ kí n bínú tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní kí n mú kóró kan lọ síta, kí n máa yí i nínú oòrùn, kí n sọ ohun tí mo rí. Mo rí nǹkan róbótó méjì lórí rẹ̀, bí ojú.

"Ìdérí nìyẹn, mà. Yàrá kan wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, irúgbìn kan wà nínú yàrá náà. Bí ó bá ṣì dì pinpin, ọmọ inú ò lè jáde."

Ó ní kí n rẹ ẹ́ sómi láti àárọ̀ di àárọ̀, kí n fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ìdérí náà láti ẹ̀gbẹ́, kí ọ̀bẹ má kan funfun inú. Ooru ló sì fẹ́, kì í ṣe ọyẹ́. Nígbà tí mo rẹ ẹ́ tán, ó tún pè, ó dúró lórí fóònù títí mo fi yọ àkọ́kọ́. Ọ̀bẹ yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì ìdérí náà fò jáde, kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Mo pariwo. Òun náà pariwo níbi tó wà. Owó ìpè tirẹ̀ ni gbogbo ìyẹn.

Mo ṣí mẹ́rìndínlógún tó kù, mo gbìn wọ́n nínú ooru Ẹrẹ́nà. Ọjọ́ kẹsàn-án ni àkọ́kọ́ yọ. Mẹ́sàn-án ló hù, ọ̀kan tiẹ̀ yọ méjì pọ̀. Etí ewé wọn rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn. Gbòǹgbò wọn a máa wú bí iṣu kékeré, nítorí náà ọ̀rá tó jinlẹ̀ ni kí ẹ lò.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò kọ ìlà mẹ́ta sínú ìwé, kí mẹ́rin tó kú lórí ọlọ? Ohun tó tún bí mi nínú ni pé igi yìí ní akọ àti abo, akọ kì í so, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n títí igi yóò fi tanná, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ra kóró méjì nítorí agbọ̀n èso tó wà lára ọ̀rá yẹn lè gbin akọ méjì. Ọmọbìnrin yẹn ló sọ fún mi, nígbà tí mo béèrè.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Mo ti fi owó ogún mìíràn ránṣẹ́ lánàá, mo sì ní kí ọmọbìnrin yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í.